Ẹ̀bi Ta Ni? Àríwísí Lórí Ìwé "Holy Deadlock" Tí A. P. Herbert Kọ

Ó lè ya àwọn kan nínú àwọn òǹkàwé wa lẹ́nu pé ìwé ìtàn àròsọ àwọn Gẹ̀ẹ́sì, èyí tí a tẹ̀ jáde ní ọdún 1934, ni mo mú wá sí ojú ewé tí a yà sọ́tọ̀ fún èdè àti ìṣe Yorùbá. Bí ó bá jẹ́ pé ẹwà ìwé náà nìkan ni mo fẹ́ yìn, èmi pàápàá ì bá gbà pé mo ṣi ọ̀nà. Ṣùgbọ́n òfin tí ìwé náà fi ṣe yẹ̀yẹ́ kì í ṣe òfin àwọn Gẹ̀ẹ́sì nìkan. Kí ó tó di ọjọ́ 17 oṣù kẹta ọdún 1970, bí ọkùnrin kan àti obìnrin kan bá ṣe ìgbéyàwó alárédè ní Abẹ́òkúta tàbí ní Ìbàdàn, tí wọ́n sì fẹ́ kí a tú u ká, òfin ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ni ilé-ẹjọ́ gíga wa ní láti ṣí wò, nítorí pé òfin Nàìjíríà fúnra rẹ̀ ni ó pàṣẹ bẹ́ẹ̀. Ohun tí wọ́n bá yí padà ní Lọ́ńdọ̀nù lórí ọ̀rọ̀ yìí, ó ti yí padà fún àwa náà nìyẹn. Nítorí náà ẹni tí ó bá jókòó ti ìwé Herbert lónìí, ó lè jẹ́ ìtàn ẹjọ́ ìyá rẹ̀ àgbà ni ó ń kà láìmọ̀.

Orúkọ ìwé náà jẹ́ eré ọ̀rọ̀. Àwọn Gẹ̀ẹ́sì a máa pe ìgbéyàwó ní ìdè mímọ́. Herbert yí ìró díẹ̀ padà nínú ọ̀rọ̀ náà, ìdè mímọ́ sì di ibi mímọ́ kan tí ènìyàn há sí, tí kò lè lọ síwájú, tí kò sì lè padà sẹ́yìn. Mo ti wá ọ̀rọ̀ Yorùbá kan tí yóò ṣe iṣẹ́ méjèèjì títí, n kò rí i. "Ìdè Mímọ́ Tí Kò Ṣe É Tú" gbé ìtumọ̀ rẹ̀ jáde, ṣùgbọ́n ẹ̀rín ti bọ́ sọnù lójú ọ̀nà.

Ìtàn náà kò díjú. Ìfẹ́ ti tán láàrin John Adam àti Mary aya rẹ̀, obìnrin òṣèré orí ìtàgé. Wọn kì í ṣe ọ̀tá ara wọn. Wọ́n ṣì ń bọ̀wọ̀ fún ara wọn, bí wọ́n bá sì pàdé, ọ̀rọ̀ dáadáa ni wọ́n ń bá ara wọn sọ. Ṣùgbọ́n Mary fẹ́ fẹ́ ọkùnrin mìíràn, Martin Seal, òṣìṣẹ́ ilé-iṣẹ́ asọ̀rọ̀mágbèsì BBC, ilé-iṣẹ́ náà kò sì fẹ́ gbọ́ pé a dárúkọ òṣìṣẹ́ rẹ̀ nínú ẹjọ́ àgbèrè. Adam rò pé ọ̀rọ̀ ìrọ̀rùn ni. Ó tọ lọ́yà lọ láti sọ fún un pé òun àti aya òun ti fohùn ṣọ̀kan láti pínyà. Ibẹ̀ ni ìwé náà ti bẹ̀rẹ̀ ní tòótọ́, nítorí pé ìfohùnṣọ̀kan yìí gan-an ni ohun tí òfin kò gbọdọ̀ gbọ́.

Ẹ jẹ́ kí a dúró díẹ̀ lórí ohun tí òfin wí nígbà náà, nítorí pé ẹni tí kò bá mọ̀ ọ́n yóò rò pé Herbert ń sọ àsọdùn. Láti ọdún 1857 ni ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ti gba ẹjọ́ ìkọ̀sílẹ̀ sí kóòtù ìjọba. Ọkọ lè kọ aya nítorí àgbèrè nìkan. Ṣùgbọ́n kí aya tó lè kọ ọkọ, ó ní láti fi ẹ̀ṣẹ̀ mìíràn kún àgbèrè náà, bí ìwà ìkà tàbí ìpatì. Ọdún 1923 ni a tó fi ọkọ àti aya sí orí òṣùwọ̀n kan náà. Nígbà tí Herbert ń kọ ìwé rẹ̀, àgbèrè ṣì ni ilẹ̀kùn tí gbogbo ayé ń gbà jáde. Ìwà ìkà nìkan kò tó. Ìpatì nìkan kò tó, ìbáà ṣe ogún ọdún. Bẹ́ẹ̀ ni kò sì tó pé ẹnìkan ṣe àgbèrè: ẹni tí ó mú ẹjọ́ wá gbọ́dọ̀ mọ́. Bí òun náà bá ti dẹ́ṣẹ̀ irú rẹ̀, ó ní láti jẹ́wọ́ rẹ̀ sínú ìwé fún adájọ́, kí ó sì máa retí àánú. Bí àwọn méjèèjì bá jọ mọ̀ sí ẹjọ́ náà, rìkíṣí ni, ẹjọ́ ti bàjẹ́. Ní kúkúrú, bí ọ̀kan bá ṣe àgbèrè, a ó tú wọn ká. Bí àwọn méjèèjì bá ṣe é, ó lè jẹ́ pé ńṣe ni wọn yóò máa jẹ́ tọkọtaya títí ikú. Mo ti ka gbólóhùn tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ kọ yìí lẹ́ẹ̀mẹ́ta láti rí i pé n kò ṣì í kọ. Bẹ́ẹ̀ ni ó rí.

Nítorí náà, ẹnìkan ní láti ru ẹ̀bi. Adam, tí ó jẹ́ ọmọlúwàbí, gbà láti rù ú. A bá a háyà obìnrin kan tí kò rí rí. Àwọn méjèèjì wọ ọkọ̀ lọ sí Brighton, ìlú etí òkun, wọ́n gba yàrá kan ní òtẹ́ẹ̀lì, ohunkóhun kò sì ṣẹlẹ̀ láàrin wọn. Ohun tí òfin ń fẹ́ kò ju pé kí ọmọ-ọ̀dọ̀ òtẹ́ẹ̀lì gbé tíì wọlé ní òwúrọ̀, kí ó bá wọn lórí ibùsùn, kí ó sì rántí ojú wọn nígbà tí a bá pè é wá jẹ́rìí. A ó fi ìwé owó òtẹ́ẹ̀lì ránṣẹ́ sí aya, aya yóò "gbọ́," inú rẹ̀ yóò "bàjẹ́," yóò sì gbé ẹjọ́ lọ sí kóòtù. Àṣeyọrí kò tilẹ̀ tètè dé. Adam ní láti tún ẹ̀ṣẹ̀ tí kò dá náà dá.

Ìgbà tí a bá rò pé ó ti parí ni ìdájọ́ fi àbùkù mìíràn hàn. Ìdájọ́ àkọ́kọ́ kì í tú ìgbéyàwó. Orúkọ Látìn tí wọ́n fún un, nisi, kò ju "àfi bí" lọ: ìgbéyàwó yìí ti tú, àfi bí ẹnìkan bá mú ìdí wá láàrin oṣù mẹ́fà pé kí ó má tú. Èmi a máa pè é ní ìdájọ́ àfi-bí, mo sì fi orúkọ náà síwájú àwọn ọmọ ẹgbẹ́ wa fún ìyẹ̀wò. Ní gbogbo oṣù mẹ́fà náà, òṣìṣẹ́ ìjọba kan tí wọ́n ń pè ní Aṣojú Ọba ní agbára láti tọ pinpin bóyá ẹni tí ó jàre mọ́ ní tòótọ́. Nínú ìwé yìí, ó rí i pé Mary kò mọ́. Ìdájọ́ àfi-bí náà wó. Irọ́ tí Adam pa gba ojúrere òfin, òtítọ́ tí ó wà láàrin Mary àti Seal sì ni ó ba ẹjọ́ jẹ́. Àwọn méjèèjì tí wọn kò fẹ́ ara wọn mọ́ padà di tọkọtaya lójú òfin.

Èyí mú mi ronú sí èdè tiwa. Kí ni a ń pe ohun tí Adam àti Mary ń wá? A ní "ìkọ̀sílẹ̀," ọ̀rọ̀ tí Bíbélì Yorùbá ti gbìn sí ẹnu gbogbo wa pẹ̀lú "ìwé ìkọ̀sílẹ̀." Ṣùgbọ́n ẹ wo ìṣe ọ̀rọ̀ náà: ẹnìkan ni ó kọ̀, ẹnìkan ni a kọ̀, a sì sọ onítọ̀hún sí ilẹ̀. A ní "já ìwé fún," èyí tí a máa ń sọ nípa ọkọ jù. A ní "ilémosú," obìnrin tí ó fi ilé ọkọ sílẹ̀ padà sí ilé bàbá rẹ̀. Kò sí ọ̀rọ̀ kan tí ó bá a dọ́gba fún ọkùnrin, nítorí pé ọkùnrin kò kúrò níbì kankan. Òtítọ́ ni pé a lè sọ pé "wọ́n pínyà" tàbí "wọ́n túká," ṣùgbọ́n àwọn èrò ọjà náà ń túká, àwọn arìnrìn-àjò náà ń pínyà ní oríta. Bí a bá fẹ́ sọ ọ́ láìkùn síbì kan, a óò máa yá ọ̀rọ̀ ọjà àti ọ̀rọ̀ ọ̀nà lò. Ó dàbí ẹni pé èdè wa, gẹ́gẹ́ bí òfin àtijọ́ àwọn Gẹ̀ẹ́sì, kò lè sinmi títí yóò fi béèrè pé ta ni ó ṣe kí ni fún ta.

Síbẹ̀, ìṣe wa kò bá ọ̀rọ̀ ẹnu wa lọ dé òpin. Kì í ṣe pé àwọn baba wa kò mọ ẹ̀bi. Àlùfáà Samuel Johnson, nínú ìwé ìtàn Yorùbá rẹ̀ tí a tẹ̀ ní 1921, sọ pé ìkọ̀sílẹ̀ ṣọ̀wọ́n láàrin wọn, ó sì ka àwọn ẹ̀ṣẹ̀ tí ó lè fà á: kí aya bá ìbátan ọkọ ṣe àgbèrè, olè jíjà, gbèsè tí ń kó wàhálà wọ ilé, àti ní ti obìnrin tí ó ń wá ọ̀nà àbájáde, ìnilára ọkọ tí ó kọjá ààlà. Ẹ̀bi ni gbogbo wọn. Ohun tí ó yàtọ̀ ni ọwọ́ tí a fi ń mú ẹ̀bi náà. Bí aya bá fi ìbínú padà sí ilé bàbá rẹ̀, àwọn àgbà kì í wá ẹni tí ó mọ́ bí ẹyin. Wọ́n mọ̀ pé kò sí i. Wọn a gbọ́ ti ọkọ, wọn a gbọ́ ti aya, nítorí pé agbẹ́jọ́ ẹnìkan dá, àgbà òṣìkà ni. Wọn a bá ọkọ wí níwọ̀n tirẹ̀, wọn a sì bá aya wí níwọ̀n tirẹ̀. Bí ọ̀rọ̀ náà bá bàjẹ́ kọjá àtúnṣe, a ó dá owó orí padà, ìdè náà yóò sì tú. Pé àwọn méjèèjì jẹ̀bi kò fi ìgbà kan jẹ́ ìdí tí a fi ní kí wọ́n padà lọ máa gbé pọ̀.

N kò sọ èyí láti fi aṣọ àlà wọ àwọn baba wa. Ọ̀pọ̀ obìnrin ni àwọn àgbà ti fi ọ̀rọ̀ dídùn àti ìkúnlẹ̀ ẹ̀bẹ̀ dá padà sí abẹ́ ẹgba. Òwe kan náà tí ó ní a kì í ṣú opó alààyè ti mú kí obìnrin mìíràn bẹ̀rù láti jáde, nítorí pé kò mọ ẹni tí yóò gbà á. Ṣùgbọ́n bí a bá mú ìwé Herbert bọ́ sí àárín agbo ilé kan, ẹ̀rín tí yóò pa àwọn àgbà kì í ṣe nítorí obìnrin tí a háyà. Nítorí adájọ́ ni: àgbàlagbà tí ó jókòó gbọ́ irọ́ tí gbogbo àwọn tí ó wà níbẹ̀ mọ̀ pé irọ́ ni, tí ó sì kọ ọ́ sílẹ̀.

Ní ti iṣẹ́ ọnà, ìwé náà kò dọ́gba. Herbert kọ́ iṣẹ́ lọ́yà ṣùgbọ́n kò ṣe é. Ìwé ìròyìn ẹ̀fẹ̀ ni ó sọ ọ́ di olókìkí. Àmì méjèèjì wà lára ìwé rẹ̀. Ibi tí lọ́yà ti ń ṣàlàyé òfin fún Adam ni ibi tí ó dára jù lọ, nítorí pé òǹkọ̀wé náà kò fi ohunkóhun kún un. Òfin náà fúnra rẹ̀ ni ó ń pani lẹ́rìn-ín. Ṣùgbọ́n àwọn ènìyàn inú rẹ̀ fẹ́lẹ́. Adam dára jù. Ó dàbí ẹni tí a dá kí ìyà lè jẹ ẹ́ lọ́nà tí yóò bí wa nínú. Nígbà mìíràn ènìyàn yóò gbọ́ ohùn agbẹjọ́rò tí ń bá ìgbìmọ̀ aṣòfin sọ̀rọ̀ lẹ́yìn ohùn asọ̀tàn. Kò sì jọni lójú, nítorí ibẹ̀ náà ni ó ń lọ. Ní ọdún 1935 ni wọ́n dìbò yàn án sí Ilé Aṣòfin, ní 1937 sì ni òfin tí ó jà fún kọjá. Láti ọjọ́ kìn-ín-ní ọdún 1938, ìwà ìkà, ìpatì ọdún mẹ́ta àti wèrè tí kò ṣe é wò tó ìdí fún ìkọ̀sílẹ̀. Ìwé ìtàn àròsọ tí ó lè ka irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ sí ara rẹ̀ kò pọ̀. Òfin yìí ni ó sì rọ̀jò sí orí ilẹ̀ tiwa náà, láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni nínú àwọn tọkọtaya wa gbọ́ orúkọ Herbert rí.

Ẹ̀sùn mi gan-an lórí ìwé náà kì í ṣe ti ọnà. Herbert yan àwọn tí yóò fi ṣe àpẹẹrẹ pẹ̀lú ọgbọ́n púpọ̀, bóyá ọgbọ́n náà tilẹ̀ pọ̀ jù. Kò sí ìjà ọmọ nínú ìtàn rẹ̀. Mary ní iṣẹ́ lọ́wọ́. Kò dúró de owó oúnjẹ lọ́dọ̀ ọkọ. Àwọn méjèèjì fẹ́ ohun kan náà. Níbi tí ọ̀rọ̀ bá rí bẹ́ẹ̀, ẹ̀bi kò wúwo, a sì lè máa jù ú láti ọwọ́ dé ọwọ́ bí bọ́ọ̀lù. Ṣùgbọ́n ta ni yóò sọ ti ẹni tí ẹ̀bi jẹ́ ẹlẹ́rìí kan ṣoṣo tí ó ní?

Ẹ jẹ́ kí a fi ọkàn dá olùkọ́ obìnrin kan ní Iléṣà, tí ó ṣe ìgbéyàwó alárédè, tí ó bí ọmọ mẹ́ta, tí ọkọ rẹ̀ sì ń lù ú. Òfin tí yóò lò lónìí ni èyí tí ìjọba ológun ṣe ní 1970, tí ó ṣì wà nínú àkójọ òfin wa. Òfin náà sọ pé ìdí kan ṣoṣo ni ó wà: pé ìgbéyàwó ti bàjẹ́ kọjá àtúnṣe. Ọ̀rọ̀ náà dùn ún gbọ́. Ṣùgbọ́n kí ilé-ẹjọ́ tó gbà pé ó ti bàjẹ́, ó ní láti fi ìdí ọ̀kan múlẹ̀ nínú ohun mẹ́jọ, ẹ̀bi àtijọ́ sì jókòó sáàárín wọn: àgbèrè tí ó mú kí gbígbé pọ̀ di ohun tí kò ṣe é fara dà, ìwà tí a kò lè retí pé kí ènìyàn máa bá gbé, ìpatì fún ọdún kan. Ọ̀nà tí kò ní ẹ̀bi wà pẹ̀lú. Bí wọ́n bá ti gbé lọ́tọ̀ fún ọdún méjì, tí ọkọ kò sì takò ó, ó tó. Bí ó bá di ọdún mẹ́ta, a kò béèrè ohun tí ọkọ wí. Ṣùgbọ́n ẹni tí a ń lù kò ní ọdún mẹ́ta láti fi ṣeré. Bí ìgbéyàwó rẹ̀ kò bá tíì pé ọdún méjì, ó tilẹ̀ lè jẹ́ pé àfi kí ó kọ́kọ́ tọrọ ààyè lọ́wọ́ ilé-ẹjọ́ kí ó tó lè mú ẹ̀sùn ìlù náà wá.

Bí ó bá yan ọ̀nà ẹ̀bi, ẹrù rẹ̀ ni láti fi ẹ̀rí hàn. Bí ó bá sì fi hàn, ó ní ohun tí yóò rí gbà nínú rẹ̀. Nígbà tí adájọ́ bá ń pín owó ìtọ́jú, òfin ní kí ó wo ohun ìní wọn, agbára wọn láti ṣiṣẹ́, àti ìwà wọn. Bí ọ̀rọ̀ bá jẹ́ ti àgbèrè, ẹni tí a ṣẹ̀ lè béèrè owó ìtánràn lọ́wọ́ àjèjì tí ó wọ inú ilé rẹ̀. Ní ti àwọn ọmọ, ire wọn ni òfin ní kí a fi ṣáájú. A kò gbọdọ̀ fi wọ́n jẹ́ ẹ̀bùn fún ẹni tí ó jàre, ṣùgbọ́n ọwọ́ tí ń lu ìyá kò ṣàìsọ ohun kan fún adájọ́ nípa ilé tí àwọn ọmọ yóò gbé. Lẹ́yìn gbogbo rẹ̀, ìdájọ́ àfi-bí ni yóò gbà, yóò sì dúró fún oṣù mẹ́ta. Bí òun náà bá sì ti ṣe àgbèrè rí nínú ìgbéyàwó náà, tí ọkọ kò dárí rẹ̀ jì í, ilé-ẹjọ́ ṣì ní agbára láti kọ̀ fún un. Òjìji Aṣojú Ọba kò tíì kúrò lórí ilẹ̀ wa.

Ibi yìí ni mo ti rò pé Herbert kò rí gbogbo ọ̀rọ̀. Ó fi hàn, títí kò fi kù síbì kan, pé òfin ẹ̀bi a máa sọ olóòótọ́ di òpùrọ́. Kò fi hàn pé ẹ̀bi kan náà lè jẹ́ ohun ìjà kan ṣoṣo ní ọwọ́ aláìlágbára. Àwọn Gẹ̀ẹ́sì tẹ̀lé ọ̀nà rẹ̀ dé òpin. Òfin tí wọ́n ṣe ní 1969 bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní ọjọ́ kìn-ín-ní ọdún 1971, ọdún tí Herbert kú. Láti ọjọ́ 6 oṣù kẹrin ọdún 2022 sì ni ẹnikẹ́ni kò tún ní láti dárúkọ ẹ̀ṣẹ̀ ẹnìkejì rẹ̀ ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì kí ìgbéyàwó tó tú. Àwa ṣì dúró sí àárín ọ̀nà. Bí a bá fẹ́ tẹ̀lé wọn, n kò ní sọ pé kí a má ṣe bẹ́ẹ̀. Adam pọ̀ láàrin wa, àti Mary. Ṣùgbọ́n kí a tó gbé ẹ̀bi jùnù, ẹnìkan ní láti sọ fún mi ibi tí olùkọ́ Iléṣà yóò gbé ọ̀rọ̀ egba náà kà, àti ohun tí a ó fi wọn owó oúnjẹ àwọn ọmọ rẹ̀.

Ó ku ọ̀rọ̀ kan fún ẹni tí yóò bá túmọ̀ ìwé yìí sí Yorùbá, mo sì ń retí pé ẹnìkan nínú àwọn akẹ́kọ̀ọ́ wa yóò dán an wò. Kí ó má ṣe yára kọjá lórí ọmọ-ọ̀dọ̀ òtẹ́ẹ̀lì náà. Herbert yára kọjá lórí rẹ̀. Ó gbé tíì wọlé, ó rí ohun tí a fẹ́ kí ó rí, a sì pè é kúrò lẹ́nu iṣẹ́ rẹ̀ láti wá fi ọwọ́ lé Bíbélì. Ohun tí ó sọ jẹ́ òótọ́, ọ̀rọ̀ kọ̀ọ̀kan. Lédè Gẹ̀ẹ́sì, ẹni tí ń gbé àwo tíì ni, kò ju bẹ́ẹ̀ lọ. Lédè wa, òun ni a óò pè ní ẹlẹ́rìí.